Òkúta Inú Àpòòtọ̀ Ẹmọ́ Òyìnbó: Ọ̀rọ̀ Fún Òbí Tí Ọmọ Rẹ̀ Ń Sin Ẹran Nínú Ilé

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lè dà bí ọ̀rọ̀ ẹ̀rín létí àwọn kan nínú yín. Ọ̀rọ̀ ẹran kékeré kan ni, èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní guinea pig, tí èmi yóò máa pè ní ẹmọ́ òyìnbó nítorí pé ó jọ ẹmọ́ tiwa, àfi pé kò ní ìrù. Bí ẹ bá ní ọmọ tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìlú òyìnbó, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti gbọ́ ẹ̀bẹ̀ nípa rẹ̀. Ọmọ á ti ilé ẹ̀kọ́ dé, á ní ọ̀rẹ́ òun ní méjì, á ní ara rẹ̀ rọ̀, kì í gbó bí ajá, kì í sì í họ ènìyàn bí ológbò. Ìyá á kọ̀, bàbá á kọ̀, ẹ̀bẹ̀ á di ẹkún, nígbẹ̀yìn-gbẹ́yín a ó rà á.

Bí ó ti rí nílé tèmi nìyẹn, ní London. Abo méjì ni a rà. Ọmọbìnrin mi, tó jẹ́ ọmọ ọdún 9 nígbà náà, sọ ọ̀kan ní Àkàrà, ó sọ èkejì ní Mọ́ínmọ́ín. Nígbà tí ìyá mi wá kí wa láti Ìbàdàn, ó wo àwọn méjèèjì títí, ó wá bi mí ní ohùn jẹ́jẹ́ pé ìgbà wo ni wọn yóò tó sè. Ẹ má ṣe fi màmá rẹ́rìn-ín jù. Ní orí àwọn òkè Andes, ní Peru, Bolivia àti Ecuador, níbi tí ìran ẹran yìí ti ṣẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ni wọ́n ti ń sìn ín fún jíjẹ, oúnjẹ àsè sì ni títí di òní. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni ìyàtọ̀ wà. Ẹran tí wọn yóò pa ní oṣù mélòó kan kì í pẹ́ láyé tó bẹ́ẹ̀ tí òkúta yóò fi ráyè dì sí i nínú. Èyí tí yóò lo ọdún 5 tàbí ọdún 8 nínú yàrá ọmọ wa ni ó ń bá a pàdé.

Ní ọjọ́ tí a gbé wọn wálé, bàbá àwọn ọmọ na ìka sókè, ó ní, “Ẹ gbọ́ o. Bí ẹran yìí bá ṣàìsàn, èmi kò ní san kọ́bọ̀ fún dókítà. Eku ni.” Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, èmi àti òun sì gbàgbé ọ̀rọ̀ náà. Ọmọ kò gbàgbé.

Ó lé díẹ̀ ní ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní ìdájí ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, mo gbọ́ ìró omi nínú ilé ìwẹ̀. Ọmọ mi ni mo bá níbẹ̀, tó ń fi ọṣẹ fọ aṣọ ìtẹ́lẹ̀ àgò àwọn ẹran rẹ̀. Omi tó wà nínú ọpọ́n ti pọ́n. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ti ń rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀ Àkàrà, ó ti ń gbọ́ bí ó ti ń ké nígbà tó bá ń tọ̀, ó sì ń fọ ẹ̀jẹ̀ náà nù kí ilẹ̀ tó mọ́, nítorí pé bàbá òun ti ní òun kò ní sanwó. Ó rò pé bí a bá mọ̀, ńṣe ni a ó gbé ẹran náà jù síta.

Iṣẹ́ amójútó ọmọdé àti ẹbí ni mo ń ṣe, ọdún kejìdínlógún rèé. Mo ti jókòó nínú pálọ̀ ọ̀pọ̀lọpọ̀ òbí, mo sì ti sọ fún wọn pé ọmọ tó bá ń bẹ̀rù ohun tí àgbà yóò sọ, yóò kọ́ bí a ti ń fi nǹkan pa mọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, ẹnu ọ̀nà ilé ìwẹ̀ tèmi ni mo dúró sí, n kò sì rí nǹkan kan sọ.

Kí n tó dé orí àìsàn náà gan-an, ẹ jẹ́ kí n mẹ́nu ba òfin, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò mọ̀ ọ́n. Òfin ìtọ́jú ẹranko tí wọ́n ṣe ní ọdún 2006 fún England àti Wales kò gbà kí ẹnikẹ́ni ta ẹran fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16. Ó sì kà á sí pé àgbà tí ọmọ bẹ́ẹ̀ wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ ni ó ni ojúṣe lórí ẹran tí ọmọ náà ń tọ́jú. Oúnjẹ tó yẹ, ibùgbé tó yẹ, àti ààbò kúrò lọ́wọ́ ìrora àti àìsàn, ọrùn àgbà náà ni gbogbo rẹ̀ wà. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Amẹ́ríkà tàbí ní Canada, òfin tiyín a máa yàtọ̀ láti ìpínlẹ̀ kan sí èkejì, ẹ wádìí rẹ̀. Ní ọ̀dọ̀ tiwa níhìn-ín, “ẹran ọmọ ni, kì í ṣe tèmi” kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí òbí lè sọ.

Ó yá, báwo ni òkúta ṣe ń dénú àpòòtọ̀? Bí ẹ bá ń gbé ní London, ẹ lọ wo inú kẹ́tùlù tí ẹ fi ń se omi tíì. Ẹ ó rí ohun funfun kan tó le, tó lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀. Calcium carbonate ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ohun kan náà ni ó wà nínú èèpo ẹyin àti nínú ìkarahun ìgbín, òun náà sì ni òkúta inú ẹmọ́ òyìnbó sábà máa ń jẹ́. Bí èmi àti ẹ̀yin bá jẹ oúnjẹ tí kálísíọ̀mù pọ̀ nínú rẹ̀, ìfun wa a mú èyí tí ara fẹ́, púpọ̀ nínú ìyókù a sì bá ìgbẹ́ lọ. Ìfun ẹmọ́ òyìnbó kì í ṣà á bẹ́ẹ̀. A máa gba púpọ̀ wọlé, kíndìnrín ni yóò wá da àṣẹ́kù rẹ̀ sínú ìtọ̀. Ìtọ̀ rẹ̀ kò sì ní ásíìdì bí ti ajá tàbí ti ológbò, nítorí náà kálísíọ̀mù náà kì í yọ́ tán, a máa sílẹ̀ sí ìsàlẹ̀ àpòòtọ̀ bí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ẹmu. Bí ẹran náà kò bá mu omi tó, tí kì í sì í rìn káàkiri, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ lè dì, kí ó sì di òkúta.

Ìdí nìyẹn tí ìtọ̀ ẹran tí ara rẹ̀ le pàápàá fi máa ń funfun díẹ̀, tó sì ń fi àbàwọ́n funfun sórí aṣọ bí ó bá gbẹ. Kí èyí má ṣe já yín láyà. Ẹ fi ìka kan àbàwọ́n náà. Bí ó bá kúná bí àtíkè, kò séwu. Bí ọwọ́ yín bá bá hóró bí iyanrìn, àkókò tó láti pe dókítà ẹranko. Ẹ fetí sílẹ̀ pẹ̀lú. Ẹran tó bá ń ké nígbà tó ń tọ̀ tàbí tó ń yàgbẹ́, tó ká gúlútú sójú kan, tí ìdí rẹ̀ ń tutù tó sì ń rùn, tí oúnjẹ rẹ̀ ń dín kù, nǹkan ń ṣe é. Ọ̀nà ìtọ̀ akọ tóóró ju ti abo lọ, òkúta sì lè dí i pa. Akọ tó bá ń rin ara tí ìtọ̀ kò jáde, wákàtí yẹn náà ni kí ẹ gbé e lọ, ìbáà jẹ́ òru, ìbáà jẹ́ ọjọ́ Ìsinmi.

Dókítà àkọ́kọ́ tí a gbé Àkàrà lọ bá wò ó fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ó ní kòkòrò àrùn ni, ó sì fún wa ní oògùn olómi. Ẹ̀jẹ̀ náà dín kù fún ọjọ́ mẹ́rin, lẹ́yìn náà ó padà. Ìgbà tí a dé ọ̀dọ̀ dókítà kejì, ẹni tó mọ ìtọ́jú irú ẹran kéékèèké bẹ́ẹ̀ dunjú, ni a tó ya àwòrán X-ray. Òkúta náà yọ funfun báláú nínú àwòrán, ó tó ẹ̀wà kan. Irú òkúta yìí kì í ṣòro rí nínú àwòrán, nítorí náà, bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀, ẹ bèèrè fún àwòrán ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Kí ẹ tó kúrò nílé pàápàá, ẹ fi tẹlifóònù bèèrè bóyá dókítà tí ẹ ń lọ bá máa ń tọ́jú ẹmọ́ òyìnbó. Ẹni tó mọ ajá àti ológbò lè má mọ èyí.

Mo ní láti sọ nǹkan kan níhìn-ín nítorí mo mọ̀ wá. Kò sí ilé Yorùbá kan ní ìlú òyìnbó tí kò ní àpò oògùn tó ti Nàìjíríà wá. Amoxicillin wà níbẹ̀, Ampiclox wà níbẹ̀, bóyá àgbo pàápàá wà níbẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bù ú fún ẹran yìí. Oògùn tó bá wá láti ìdílé penicillin, bí ẹmọ́ òyìnbó bá gbé e mì, a máa pa àwọn kòkòrò tó ń bá a da oúnjẹ nínú ìfun rẹ̀, èyí tó burú yóò sì gba ipò wọn. Ẹran náà lè ti ibẹ̀ kú.

Bàbá ọmọ kò sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ tí mo fi omi pupa náà hàn án. Ó wọ bàtà, ó mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. Iye tí iṣẹ́ abẹ náà ná wa ju iye tí a fi ra ẹran méjèèjì lọ ní ìlọ́po púpọ̀, n kò sì ní tàn yín pé ó rọrùn fún wa. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó gbé kóló kan ka orí fìríìjì, ó ní kí olúkúlùkù máa sọ ohun tó bá ní sí i ní alẹ́ Jímọ̀. Mo gbà yín níyànjú pé kí ẹ gbé kóló bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ kí ẹ tó ra ẹran rárá, tàbí kí ẹ wádìí owó ìbánigbófò fún ẹran. Kí ọmọ sì mọ̀ pé owó náà wà. Ìyẹn ṣe pàtàkì ju iye tó wà nínú rẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ohun tó ń pa ẹran yìí ju ọgbẹ́ lọ ni àìjẹun. Ìfun rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ṣófo. Bí ó bá lo ọjọ́ kan láìjẹ nǹkan, ìfun lè dáṣẹ́ sílẹ̀, àtitún un tò sì ṣòro. Dókítà fún wa ní ìyẹ̀fun koríko tí a ń pò bí ẹ̀kọ mímu, a sì ń fi sìríńjì tí kò ní abẹ́rẹ́ fi í sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀, títí kan òru. Ọmọ mi ló ń ṣe ti ìrọ̀lẹ́. Bàbá rẹ̀ ló ń ṣe ti aago méjì òru.

Àṣé àwa fúnra wa ti ń fi ọwọ́ wa kó ìyọnu jọ fún Àkàrà tipẹ́. Oúnjẹ oníhóró tí wọ́n tà fún wa ní ilé ìtajà kan, alfalfa ni wọ́n fi ṣe é, olùtajà sì ní ọmọdé àti àgbà ẹran ló lè jẹ ẹ́. Alfalfa, tí àwọn ará Britain tún ń pè ní lucerne, ìbátan ẹ̀wà ni, kálísíọ̀mù inú rẹ̀ sì pọ̀ ju ti koríko lọ dáadáa. Ó dára fún ọmọ ẹran tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà àti fún aboyún. Kò dára fún àgbà tí kò dàgbà sí i mọ́. Èyí tó tún dùn mí ni ti ẹ̀fọ́. Ẹ mọ̀ pé spinach ni à ń fi se ẹ̀fọ́ rírò níhìn-ín nígbà tí a kò bá rí ṣọkọ tàbí tẹ̀tẹ̀. Gbogbo èèkù spinach tí mo bá já, àgò Àkàrà ni mo ń dà á sí, mo rò pé mo ń ṣe é lóore. Spinach, parsley àti kale wà lára àwọn ewé tí kálísíọ̀mù pọ̀ nínú wọn. Ẹ lè fi wọ́n tọ́ ọ lẹ́nu wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe jẹ́ oúnjẹ ojoojúmọ́ ẹran tó ti ní òkúta rí.

Koríko gbígbẹ ni oúnjẹ rẹ̀ gan-an: timothy, orchard grass tàbí meadow hay. Kí ó wà níwájú rẹ̀ tọ̀sán-tòru, kí ó pọ̀ tó ara rẹ̀. Eyín ẹran yìí kì í dẹ́kun híhù, koríko ni ó ń bá a yún un. Oúnjẹ oníhóró tí wọ́n fi timothy ṣe, ṣíbí ńlá kan lójúmọ́ ti tó fún ẹyọ kan. Ẹ wá fi ewé tútù tó tó ife kan kún un, kí ó sì máa yí padà láti ọjọ́ dé ọjọ́: ewé lẹ́tùúsì romaine, kùkúńbà, àti tàtàṣé. Ẹ má fojú di tàtàṣé. Ara ẹmọ́ òyìnbó, bíi tiwa, kò lè dá fítámì C ṣe, ó sì nílò nǹkan bíi mílígíráàmù 10 sí 30 lójúmọ́ fún kílò kan ìwọ̀n ara rẹ̀. Bíbẹ́ tàtàṣé pupa tí ó tó gíráàmù 15, ní tútù, ní nǹkan bíi mílígíráàmù 20 nínú. Àwọn kan a máa kán fítámì náà sínú omi rẹ̀. N kò fẹ́ràn rẹ̀, nítorí pé agbára rẹ̀ kì í pẹ́ nínú omi, adùn omi a sì yí padà, ẹran tí a ń bẹ̀ pé kó mu omi á wá mú ẹnu kúrò.

Omi sì ni olórí ìtọ́jú náà. Ìgò méjì ni a gbé kọ́ àgò wa, a tún fi abọ́ tó wúwo sí ilẹ̀, nítorí bọ́ọ̀lù ẹnu ìgò a máa há nígbà mìíràn tí ènìyàn kò ní mọ̀. A kì í nu ewé gbẹ lẹ́yìn tí a bá fọ̀ ọ́ tán. Omi ara rẹ̀ náà ń wọlé sí i. Ní ti omi London tó kún fún ẹfun, àwọn dókítà kan ní kí a sẹ́ ẹ kí a tó fún wọn, àwọn mìíràn ní ohun tó wà nínú oúnjẹ ló pọ̀ jù. Àwa ń sẹ́ ẹ. Kò ná wa ní nǹkan púpọ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sì torí ọ̀rọ̀ mi lọ fi kálísíọ̀mù du ẹran pátápátá. Egungun rẹ̀ nílò rẹ̀. Àwọn onímọ̀ pàápàá kò tíì fẹnu kò lórí ìdí tí òkúta fi ń dì nínú ọ̀kan tí kì í dì nínú èkejì tí wọ́n jọ ń jẹ nínú abọ́ kan náà. Mọ́ínmọ́ín kò ní òkúta rí.

Mo sọ èyí nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ tẹ̀ lé e. Dókítà ti kìlọ̀ fún wa pé òkúta yìí a máa padà, àní lára ẹran tí wọ́n ń tọ́jú dáadáa. Ó padà lẹ́yìn oṣù mọ́kànlá. Ní ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ náà tún yọ, ọmọ mi gbé aṣọ ìtẹ́lẹ̀ náà wá bá wa níbi tí a ti ń jẹun, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀, ó ní, “Ẹ wò ó, ó ti tún dé.” Ní àárín oúnjẹ ni o. Kò sẹ́ni tó bá a wí.

Lọ́tẹ̀ yìí, òkúta kan wà nínú kíndìnrín, òmíràn sì há sí ojú ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà sọ̀ kalẹ̀ sínú àpòòtọ̀. Dókítà ní bí òun bá là á, ó lè má jí mọ́. Bí ó bá sì jí, ìrora kò ní tán. A jókòó pẹ̀lú ọmọ náà, a sọ gbogbo rẹ̀ fún un bí dókítà ti sọ ọ́ fún wa. A kò sọ fún un pé Àkàrà rìnrìn-àjò, a kò sì lọ ra èyí tó jọ ọ́ fi rọ́pò rẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Mo ti rí àwọn òbí tó ṣe bẹ́ẹ̀, mo sì ti rí ọjọ́ tí ọmọ mọ̀.

Ó bi wá ní ìbéèrè kan: ṣé nítorí pé òun fi ẹ̀jẹ̀ ti ìgbà àkọ́kọ́ pa mọ́ ni? Mo ti ń wá ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ fi dáhùn nígbà tí bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀. “Rárá,” ni ó wí. “Ara rẹ̀ yá lẹ́yìn ìyẹn, o sì rí i. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ ní ọjọ́ tí a rà wọ́n ni kò dára. Má bínú.” Ọdún kẹtàdínlógún ìgbéyàwó wa nìyẹn, n kò tíì gbọ́ kí ó bẹ ọmọdé rí. Dókítà fún Àkàrà ní abẹ́rẹ́ tí a fi ń mú ẹran sùn lọ, ní orí ẹsẹ̀ ọmọ náà, nítorí pé òun fúnra rẹ̀ ló ní òun fẹ́ wà níbẹ̀. Bàbá rẹ̀ ló gbẹ́ ilẹ̀ nínú ọgbà ẹ̀yìnkùlé.

Mọ́ínmọ́ín kò jẹun dáadáa fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹran tó ń fẹ́ ẹgbẹ́ ni wọ́n. Ní ilẹ̀ Switzerland, òfin kò gbà kí a sin ọ̀kan ṣoṣo láti ọdún 2008. A gba abo àgbà kan ní ilé tí wọ́n ti ń gba ẹran tí àwọn olówó rẹ̀ kò fẹ́ mọ́, a sì ní kí wọ́n kọ́kọ́ ya àwòrán rẹ̀ fún wa. Ọmọ sọ ọ́ ní Dòdò.

Òṣùwọ̀n tí mo fi ń wọn ìyẹ̀fun búrẹ́dì ti di tiwọn báyìí, mo ti ra òmíràn fún ara mi. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi, ọmọ á gbé wọn lé e lọ́kọ̀ọ̀kan, á kọ ìwọ̀n náà sínú ìwé àjákọ kan. Bí gíráàmù 50 bá dín, a ó máa ṣọ́ ọ lójoojúmọ́. Bí ó bá tó 100, ọ̀dọ̀ dókítà yá. Lẹ́yìn náà á tẹ aṣọ funfun kan sí àgò fún alẹ́ ọjọ́ náà nìkan, kí ìtọ̀ lè hàn kedere lórí rẹ̀, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé òun àti bàbá rẹ̀ á jọ yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó jáde. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Dòdò jẹ́ gíráàmù 1,110, Mọ́ínmọ́ín jẹ́ 985. Aṣọ náà mọ́.